Slap àbí fingerstyle: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ lórí gìtá béèsì?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra béèsì, slap ló sábà máa ń wọ̀ ọ́ lójú jù. Ó ti wo fídíò níbi tẹ́nì kan ti ń fi àtàǹpàkò gbá okùn, tí ìka ń fà á ta, tí gbogbo ẹ̀ ń dún pàkà pàkà, ara ẹ̀ ti wà lọ́nà, ìyẹn gan-an ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì sì wà tó ti ń fi ìka méjì ta béèsì ọjọ́ ti pẹ́, ó kàn gbà pé slap kì í ṣe tòun ni. Àwọn méjèèjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ibi tí mo dúró sí nìyí: fingerstyle ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú slap mọ́ ọn nígbà tí ọwọ́ òsì yín bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa okùn lẹ́nu mọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo èèyàn ń wò nínú fídíò, àmọ́ ọwọ́ òsì ló máa sọ bóyá orin lẹ̀ ń ta àbí ariwo. (Ẹni tó bá ń fi òsì ta gìtá kó máa yí i padà bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ lọ.)

Kí ni ìkọ̀ọ̀kan wọn ná

Fingerstyle: ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kan fa okùn, èkejì tẹ̀ lé e, àtàǹpàkò fara ti píkọ́ọ̀pù (ohun tó ń gbá ìró okùn mú lára béèsì) tàbí kó jókòó sórí okùn E, èyí tó nípọn jù tó sì wà lókè pátápátá, A, D àti G ló tẹ̀ lé e wá sísàlẹ̀. Bí ìka bá fa okùn tán kì í fò sínú afẹ́fẹ́, ńṣe ló máa wá sinmi lára okùn tó wà lókè ẹ̀, ìsinmi yẹn sì ti pa okùn yẹn lẹ́nu mọ́ kẹ́ ẹ tó rò ó rárá.

Slap: ẹ̀gbẹ́ oríkèé àtàǹpàkò, ibi tí eegun ti le yẹn, ló ń gbá okùn níbi táwọn fírẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn béèsì, parí sí. Okùn á lọ kọ lu fírẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ìró irin yẹn ti ń wá. Ìka ìlábẹ̀ á wá wọ abẹ́ okùn D tàbí G, á fà á sókè, á jù ú sílẹ̀ kó padà lọ gbá fírẹ́ẹ̀tì, pop ni wọ́n ń pe ìyẹn. Gbígbá àti fífà, àwọn méjèèjì ló para pọ̀ di slap.

Píìkì náà wà o, ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn, àwọn olórin rọ́ọ̀kì ń lò ó dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ dọjọ́ míì.

Ibi tí wọ́n ti wá, torí ó kan bẹ́ ẹ ṣe máa lò wọ́n

Nígbà tí Leo Fender gbé Precision Bass jáde lọ́dún 1951, wọ́n kan igi kékeré kan sí ìsàlẹ̀ okùn G, kéèyàn fi àwọn ìka yòókù dì í mú kó wá máa fi àtàǹpàkò ta okùn. Àwọn tó ń ta á ló pa ìyẹn tì, tí wọ́n ń fi ìka ta á. Ẹ wo James Jamerson tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ilé iṣẹ́ agborinjáde Motown ní Detroit, ìka ìlábẹ̀ kan ṣoṣo ló ń lò, wọ́n tiẹ̀ fún ìka náà lórúkọ, The Hook ni wọ́n ń pè é. Okùn flatwound, èyí tí ara ẹ̀ ń dán bọ̀rọ́, ló fi sára béèsì ẹ̀, kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ wọn. Ìka kan, okùn tó ti gbó, síbẹ̀ béèsì yẹn ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo àwọn tó kù nínú báǹdì á máa tẹ̀ lé. Mo fẹ́ràn láti máa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí èyí tí wọ́n bá ní àwọn ò tíì lè ta béèsì torí pé àwọn ò mọ slap.

Slap ní tiẹ̀, ọwọ́ Larry Graham ló ti jáde lórí gìtá béèsì. Ó ń bá ìyá ẹ̀ ṣeré, nígbà tí wọn ò ní onílù mọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò gbá okùn dípò ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn, ó ń fi ìka fa okùn dípò snare, ìlù kékeré tó ń dún ṣàkà. Nígbà tó wọ ẹgbẹ́ Sly and the Family Stone ni ayé wá gbọ́ ọ. Louis Johnson, Marcus Miller, Mark King, Flea, Victor Wooten, kálukú wọn ló fi tiẹ̀ kún un. Ti Wooten yẹn, àtàǹpàkò á gbá okùn bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, á tún ta á bó ṣe ń padà bọ̀ lókè. (Slap tún wà lórí béèsì ńlá tí wọ́n ń gbé dúró, ó sì ti pẹ́ ju èyí lọ, àmọ́ ọwọ́ ò rí bákan náà níbẹ̀, ẹ má fi èyí kọ́ ìyẹn.)

Ìdí tí mo fi ń sọ̀tàn ni pé ìlù ni slap rọ́pò. Nítorí náà tí onílù bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò sì fetí sí ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa jà lé ibì kan náà lórí ni. Àtàǹpàkò yín àti ìlù ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà tàbí kí ọ̀kan yà fún èkejì. Fingerstyle náà ń wá onílù, àmọ́ ìró ẹ̀ kì í mú bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá pẹ́ díẹ̀ tàbí yá díẹ̀ kì í tètè hàn. Ti slap á hàn, gbogbo ilé ló máa gbọ́ ọ.

Ọwọ́ ọ̀tún

Fingerstyle kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí nǹkan. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ gan-an ẹ lè ta orin kan tó rọrùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tó ti ṣòro ni pé kó dọ́gba. Ẹ gbé metronome (ẹ̀rọ tó ń ka ìlù fún yín) sí 60 fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ta okùn A láìtẹ fírẹ́ẹ̀tì kankan, ìlábẹ̀, àárín, ìlábẹ̀, àárín, ìró méjì fún gbogbo ìgbà tí metronome bá dún, kẹ́ ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ padà ẹ máa rí i pé ohùn ìka kan ga ju ti èkejì lọ. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kẹ́ni tó ń gbọ́ má lè mọ ìka tó ta èwo.

Èkejì ni lílọ láti okùn kan sí òmíì. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti D wá sí A wá sí E, ẹ má pààrọ̀ ìka, torí ìka tó ta D ti wá sinmi lára A, kó kàn máa bá iṣẹ́ lọ ni, á gba A kọjá, á dé E. Bẹ́ ẹ bá ń lọ láti E sí A sí D ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ èyí níbẹ̀rẹ̀, ìka ẹ̀ á máa takọ sí ara wọn tí orin bá yá, kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Slap yàtọ̀. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe apá. Bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn ni ọwọ́ ṣe máa yí, àtàǹpàkò á gbá okùn á sì kúrò lára ẹ̀ kíá, torí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ìró á kú. Kì í ṣe agbára rárá. Ohun tí mò ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n ń kọ́ slap láìso béèsì mọ́ amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ẹ̀ sókè), ó ń dún díẹ̀ díẹ̀ létí wọn, wọ́n á wá máa gbá a kíkankíkan kí wọ́n lè gbọ́ ọ, ọwọ́ á le gbagidi, nígbà tí wọ́n bá wá so ó mọ́ amp gbogbo ẹ̀ á máa pariwo. Ẹ so ó mọ́ amp tàbí headphone látọjọ́ kìíní, kẹ́ ẹ jẹ́ kí amp ṣe iṣẹ́ ariwo.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ò le: àtàǹpàkò gbá okùn E láìtẹ fírẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn ìyẹn pop okùn D lórí fírẹ́ẹ̀tì 2, E náà ni, ó kàn ga sókè ní ọ̀kítéèfù kan. Ọ̀kan gbá, ọ̀kan fà, lórí 60. Ìka tó máa pop, orí ẹ̀ nìkan ni kó wọ abẹ́ okùn, kó má rì bọ ibẹ̀ títí dé oríkèé, ìfà kékeré ló ń fẹ́. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí àtàǹpàkò gba ojú okùn kọjá kó wá sinmi sórí okùn tó kàn dípò kó fò kúrò, ìyẹn náà dáa, òun ló tiẹ̀ máa gbé yín dé ọ̀nà ti Wooten. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì kẹ́ ẹ tẹra mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dán èkejì wò.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ èyí tó yá, màá ní fingerstyle yá láti dé ibi tó wúlò, slap yá láti dé ibi tó wuni, tó bá wá débẹ̀ á dúró gbọin-in fún ìgbà pípẹ́, ohun tó sì máa ń dá a dúró ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Ọwọ́ òsì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Nínú fingerstyle ọwọ́ ọ̀tún ń ran ọwọ́ òsì lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ń ta okùn D, àtàǹpàkò lè wà lórí A kó sì fi ẹ̀gbẹ́ kan E, okùn méjèèjì ti dákẹ́. G nìkan ló kù, ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì lè fara kàn án díẹ̀. Ó ti tán.

Tó bá di slap, ọwọ́ ọ̀tún ti wà lókè, kò fara ti nǹkan kan. Bí àtàǹpàkò bá gbá E, gbogbo igi béèsì ló máa gbọ̀n, A, D àti G á bẹ̀rẹ̀ sí í hùn lábẹ́lẹ̀ láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìhùn yẹn ló ń jẹ́ kí slap ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ dún wúruwùru, kì í ṣe pé ọwọ́ ẹ̀ ò yá. Ọwọ́ òsì nìkan ló lè gbà yín. Ìka tó ń tẹ fírẹ́ẹ̀tì á fi orí ẹ̀ kan okùn tó wà lókè fẹ́ẹ́rẹ́, ikùn ìka yẹn náà á tẹ́ sílẹ̀ lórí àwọn okùn tó wà nísàlẹ̀ láìtẹ̀ wọ́n, ìka tó bá kù á bá a gbé e. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nígbà gbogbo, kò sí okùn kankan tí ọwọ́ ò sí lára ẹ̀ àfi èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kó dún.

Ghost note náà ọwọ́ òsì ló ni ín. Ẹ tẹ́ ìka méjì tàbí mẹ́ta sórí okùn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ dé fírẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá gbá a, á dún “pọ̀” láìní ohùn kankan. Tó bá jẹ́ ìka kan ṣoṣo lẹ fi sí i, pàápàá lókè fírẹ́ẹ̀tì 5, 7 tàbí 12, á máa jáde bí agogo kékeré, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó tó méjì. Ìró tí kò lóhùn wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kí slap máa rìn. Ẹ gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ ka iye ìgbà tí okùn dún pẹ̀lú ohùn àti iye ìgbà tó kàn “pọ̀”, ẹnu á yà yín. Fingerstyle náà ń lo ghost note, Rocco Prestia tó ta béèsì fún ẹgbẹ́ Tower of Power sọ ọ́ di iṣẹ́ ara ẹ̀, ìró kúkúrú kúkúrú tó ń sáré láìdúró, ọwọ́ òsì ni gbogbo ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́ níbẹ̀ ẹ máa gbé e wọ slap láìpàdánù nǹkan kan, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi fingerstyle bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé e gba ọ̀nà kejì máa ń ní láti padà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa okùn lẹ́nu mọ́, ìgbà yẹn ọwọ́ ti mọ́ ọn lára láti máa ṣe wúruwùru.

Ẹ dán ara yín wò báyìí: ẹ máa ta nǹkan kan lọ, èyíkéyìí, kẹ́ ẹ wá dúró lójijì láàárín ẹ̀. Tí nǹkan kan bá ṣì ń hùn nínú headphone, ọwọ́ òsì ò tíì ṣetán.

Béèsì, okùn, amp

Fingerstyle kì í yan béèsì. Okùn tuntun, okùn tó ti gbó, flatwound, roundwound (èyí tí ara ẹ̀ rí gbágungbàgun), gbogbo ẹ̀ ló ní ohun tó dáa fún. Ọwọ́ yín ló ń yí ohùn padà: ẹ sún un mọ́ bridge, irin tí ìdí okùn so mọ́ lára béèsì, ohùn á le, á dì pọ̀, á ṣe kedere, ibẹ̀ ni Jaco Pastorius fẹ́ràn láti máa ta, ẹ gbé e sún mọ́ ọrùn béèsì, á rọ̀, á kún. Ohùn tó pọ̀ lórí béèsì kan, ẹ ò fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan.

Slap ń yan o. Roundwound ló ń fẹ́, tuntun tàbí tó mọ́, torí òógùn àti ìdọ̀tí ló ń pa dídán ohùn ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi stainless steel ṣe ń dán ju ti nickel lọ. Okùn tó nípọn tó .045 sí .105 íǹṣì dáa fún méjèèjì, àmọ́ tí pop bá ń fún ìka yín níṣòro .040 sí .100 rọ̀ jù ú lọ. Kí okùn má ga jù lókè fírẹ́ẹ̀tì, bíi mílímítà 2 níbi fírẹ́ẹ̀tì 12 dáa, tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára gbá a. Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàárín okùn níbi bridge, mílímítà 19 máa ń fún ìka láyè láti wọlé, ọ̀pọ̀ béèsì olókùn márùn-ún ló fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, pop á sì máa há ìka yín. Béèsì tó ní fírẹ́ẹ̀tì 24 ń jẹ àyè tí ìka fi ń pop náà, torí ọrùn ẹ̀ gùn dé itòsí píkọ́ọ̀pù. Béèsì tí kò ní fírẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìka ta á, irin tí okùn ì bá gbá ò sí níbẹ̀.

Lórí amp, slap máa ń fò sókè lójijì, pop kan lè lágbára ju gbígbá àtàǹpàkò lọ ní ìlọ́po. Compressor, ẹ̀rọ tó ń mú kí ìró tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀ sún mọ́ra, ló ń tù ú lójú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé ohùn àárín kúrò kó lè dún bíi ti inú fídíò, nínú yàrá ó dáa, àmọ́ tí gìtá àti kíbọ́ọ̀dù bá wọlé béèsì á kàn pòórá, ìyẹn pop nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹ dá àárín yẹn padà tẹ́ ẹ bá ń bá báǹdì ta.

Ara yín

Slap máa ń bó àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀rẹ̀, á sì máa ta ìka tó ń pop, awọ á le tó bá yá. Fingerstyle máa ń mú ọrùn ọwọ́, pàápàá tí béèsì bá wà lókè jù tàbí tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò sí ibi tó máa jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀. Kí bẹ́líìtì jẹ́ kí béèsì wà síbì kan náà bẹ́ ẹ bá jókòó àti bẹ́ ẹ bá dìde, kí ọrùn ọwọ́ sì wà ní títọ́ bó bá ti lè ṣeé ṣe. Ìrora awọ ò burú. Tó bá jẹ́ oríkèé ló ń dùn yín, tàbí ìka ń kú tàbí ń ṣe wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé béèsì sílẹ̀, tí kò bá lọ ẹ lọ rí dókítà.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì di béèsì mú rí, fingerstyle, mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Ẹ fi oṣù mélòó kan sí i, kí ghost note àti ìdákẹ́jẹ́ okùn wọ ọwọ́, slap á wá yá yín lọ́wọ́ ju ẹni tó fi bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa ta fún akọrin, jáàsì, régè, sóòlù, orin ìjọsìn, irú báyìí, fingerstyle ló máa gbé yín lọ jù, slap á kàn jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa mú jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí orin bá pè é. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Slap tó wọ ibi tí wọn ò ti pè é ń dí akọrin lẹ́nu.

Tó bá jẹ́ fọ́ńkì lẹ fẹ́, ẹ ò lè sá fún slap, àmọ́ ẹ ṣì máa fi ìka ta púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ kọ́ méjèèjì pọ̀, kí fingerstyle ṣáájú díẹ̀.

Onílù tó fẹ́ kọ́ béèsì nìkan ni mo lè gbà fún láti fi slap bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ ibi tí kick (ìlù ẹsẹ̀) àti snare ń bọ́ sí, àtàǹpàkò ẹ̀ á mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìkọ́ ọ, ohun tó ṣòro fún ẹlòmíì ti wà lára ẹ̀. Síbẹ̀ kó fún ọwọ́ òsì láyè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi ìka ta tipẹ́ tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù slap, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ohun tó kù ò ju yíyí ọrùn ọwọ́ àti pop lọ. Ẹ mú orin kan tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa lórí ìka, ẹ fi àtàǹpàkò nìkan gbá a látìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí metronome tó lọ́ra, láìpop rárá, títí kò fi sí okùn kan tó ń hùn. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ fi pop kan ṣoṣo sí i níbi tí snare ń bọ́ sí, lórí 2 àti 4 tẹ́ ẹ bá ń ka 1, 2, 3, 4.

Ẹni tí àyè ò sì gbà, tó ní bíi ìdajì wákàtí lóòjọ́, kó má pín in sí méjì ọgbọọgba. Kó fi ìṣẹ́jú 20 sí fingerstyle àti ọwọ́ òsì, 10 tó kù sí slap, nígbà tí ọwọ́ ti gbóná tán, kò sì gbọdọ̀ gbé metronome sókè kọjá ibi tí gbogbo okùn ti ń dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́.